Afẹ́fẹ́ Yàrá Kẹrin

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Ìjọba ní ká sinmi lónìí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kò sì sẹ́ni tó jáde. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bójú tó yìí, tí ọmọbìnrin mẹ́wàá ń gbé, mi ò gbọ́ ẹ̀rín ẹnì kankan.

Lánàá la sin Àpínkẹ́ ní Líkòsí. Ọmọ ogún ọdún. Aṣọ dúdú tí mo wọ̀ nígbà tí ọkọ mi kú ni mo wọ̀, ó ti fún mi lápá. Nígbà tí wọ́n ti bo ibojì tán, bàbá rẹ̀, Lásúnkànmí, tó ń wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Ìkòròdú, wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò tí mo sá sí. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Mọ́mì, ẹ ṣeun," ó ní. "Ó máa ń sọ fún mi pé bí ìyá lẹ ṣe ń ṣe sí òun. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo rọra yọ ọwọ́ mi.

Ìwé yìí wà lára èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí mo ń kọ́ni ní Ìsarà. Mo mú un jáde lónìí torí pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n rí i lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọjọ́ tí Àpínkẹ́ kú, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní orí ń fọ́ òun, èébì ń gbé òun, yàrá àwọn sì ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Mo ní ọbẹ̀ ẹja tí ìyàwó bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì ni kò bá a lára mu. Mo po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un. Òjò ń fẹ́ wọlé nígbà yẹn. Mo ní, "Padà lọ sùn, ọmọ mi. Ti fèrèsé rẹ kí òjò má baà wọ bẹ́ẹ̀dì."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Mo gbọ́ bó ṣe ti fèrèsé náà, torí pé yàrá kẹta ni mo wà, ògiri kan ló wà láàárín wa.

Aago kan ọ̀sán kí n tó lọ wò ó.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ikọ́ fée, ásímà, ló pa á, nítorí pé ó ní in ní kékeré. Ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ fèrèsé yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Mo wọ yàrá kẹrin láti kó ẹrù Àpínkẹ́ fún bàbá rẹ̀. Deborah ló bá mi kó o. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Deborah kì í sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí oòrùn tó wọ̀ ló ti máa ń gba Ìlíṣàn lọ, á sùn sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, kí ó lè tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi wọn. Ohun tí kò jẹ́ kó wà nílé nìyẹn.

"Mọ́mì, ká ní mo wà níbẹ̀ ni," ó ní. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun ì bá gbà á là, tàbí pé òun náà ì bá ti kú. Ó jọ pé òun gan-an kò mọ̀.

Mo rí ọmọńlé mẹ́ta tó kú sí ojú fèrèsé, àti eku kan lẹ́yìn àpótí ìwé. Kò sí ọgbẹ́ lára ọ̀kankan. Deborah rí wọn, ó sì sáré jáde. Mo gbá wọn dànù kí àwọn yòókù tó rí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́.

Deborah ti kó lọ sí yàrá kìíní sọ́dọ̀ Máyọ̀kún. Mo ti yàrá kẹrin pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Ó pé ọjọ́ méje. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, mi ò lè jókòó sínú ilé. Mo rìn dé ojú títì, mo sì dúró níbẹ̀ nínú òjò.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Tawfiq tó ń bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe gbé ẹran Iléyá wá fún mi. Líkòsí ló ń gbé. Mo béèrè bàbá Àpínkẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé ìkòkò sílẹ̀. "Ẹ ò tíì gbọ́, Mọ́mì? Wọ́n ti lé Àtinúkẹ́ jáde."

Àtinúkẹ́ ni ìyàwó Lásúnkànmí, ẹni tó tọ́ Àpínkẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú.

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní ọbẹ̀ ẹja tó fi ránṣẹ́ ni. Wọ́n ní ó ti fi nǹkan sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ló kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìperu. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ dání."

Mo ní, "Ta ló sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní ọsibítù ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

Mo jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo sọ ọ́ lọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni ọmọ náà jẹ gbẹ̀yìn, mo ní ọbẹ̀ ẹja tí ìyàwó bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni. Báyìí gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, ìyàwó bàbá rẹ̀. Mi ò pè é ní ìyá rẹ̀. Lásúnkànmí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi náà jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn. Àpínkẹ́ bu tèmi wá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rántí kí n sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Mo pín ẹran náà fún àwọn ọmọ. Mi ò lè jẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Àbúrò mi Adétúnbọ̀ wá lọ́sàn-án. Òun ló nilé. Láti ìgbà tí ẹ̀wà ti di ohun tí tálákà ń fi ojú rí lásán ló ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní yàrá karùn-ún, tó sì to àpò ẹ̀wà síbẹ̀, pé tó bá di oṣù Kẹjọ òun á tà á. Ó wọ ibẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Ó ní kòkòrò ti ń yọ lára àwọn àpò kan.

Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ ti gbàgbé. Mo ní kí ni wọ́n máa gbàgbé? Ó wo ilẹ̀.

"Sista, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí yàrá karùn-ún títí di ọjọ́ Àìkú o."

Mo ní kò sẹ́ni tó máa jí ẹ̀wà rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe àlá.

Ẹnì kan ń wúkọ́ ní yàrá kẹrin. Ikọ́ gbígbẹ, bíi ti ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, á wú u, á dákẹ́, á tún wú u. Àpínkẹ́ máa ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọyẹ́ bá mú. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo dìde jókòó, ikọ́ náà dá. Mo dùbúlẹ̀, mo sùn lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Òórùn ẹja tó bàjẹ́ yẹn náà ti padà dé. Ó rọra ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí mo jí, ayé ń yí mi. Mo ní ọ̀fọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ níwájú ògiri náà bí ẹní wà níwájú pẹpẹ, mo ní, "Àpínkẹ́, má bínú. Mi ò mọ̀." Ó tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Màá fara balẹ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀, Deborah bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Mo bi í bóyá yàrá kìíní ń gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́. Ó ní àwọn ń gbọ́ ọ. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ pé inú yàrá kẹrin ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń wúkọ́. Láti ọjọ́bọ̀ ni. Máyọ̀kún wá sẹ́nu ọ̀nà yín lánàá láti wò yín, ẹ ń wú u lójú oorun."

Èmi. Mo sáré wọlé lọ wo ara mi nínú dígí. Ojú mi pọ́n, ètè mi sì dúdú.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì mo sùn lórí àga. Ìdánwò Deborah kù sí ọ̀la, ariwo yàrá kìíní kò jẹ́ kó kàwé. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ó wọ yàrá kẹrin. Òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti fèrèsé.

Mi ò mọ ohun tó jí mi. Òórùn yẹn ti kún ibi gbogbo. Mo jáde, mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lára ilẹ̀kùn yàrá kẹrin. Mo ṣí i, mo wọlé. Deborah ti dojú bolẹ̀ lórí ìwé rẹ̀, ó ti bì sórí wọn. Mo pè é, ó la ojú, ṣùgbọ́n kò rí mi.

Mo di ọmọ náà lábíyá mú, mo wọ́ ọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, orúnkún mi ò sì dára. Mo wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìta gbangba, mo tẹ́ ẹ sínú òjò, mo ń kígbe pé, "Má sùn! Ọmọ yìí, má sùn!" Máyọ̀kún àti àwọn yòókù tú jáde, wọ́n ń pariwo pé Àpínkẹ́ ti dé.

Asher tó ń gbé òdìkejì títì gbọ́ ariwo wa. Olùkọ́ ni, ìmọ̀ ìlera àyíká ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé wọn. Ó tẹ̀ síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbóòórùn, ó sì fà sẹ́yìn kíá.

"Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde! Ẹnikẹ́ni má wọlé mú fóònù!" Ó gbé Deborah sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kó tó gbéra ó bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló wà nínú yàrá tó tẹ̀ lé e?"

Mo ní ẹ̀wà.

Ó pa ojú dé. "Màá sọ fún dókítà pé gáàsì oògùn ẹ̀wà ni, kì í ṣe ikọ́ fée."

Ilé alága ṣọ́ọ̀ṣì la sùn sí, èmi àti ọmọ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní Deborah ti mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹfà

Asher mú wolé-wolé méjì wá láti ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn gáàsì, tó yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ọkà. Àná ló ti rọra dúró síta, tó fi igi gbọọrọ ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọ ilé. Síbẹ̀, bó ṣe gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá kẹrin báyìí, ńṣe ló ń ké.

Nígbà tí wọ́n ní a lè wọ̀ ọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí yàrá karùn-ún. Tapólì dúdú ló bo àwọn àpò. Láàárín àpò àti àpò, wọ́n ki bébà tí wọ́n ká, nǹkan bí eérú sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní kọ̀rọ̀, agolo kan wà níbẹ̀, agbárí òkú ni wọ́n yà sí i lára.

Asher nawọ́ sókè. Pákó àjà kan ti yọ níbi tí oníná gbé wáyà kọjá sí yàrá kẹrin. Ihò náà tó orí ọmọdé.

"Oògùn yìí ń di gáàsì tí afẹ́fẹ́ olómi bá kàn án," ó ní. "Nígbà òjò, ó máa ń yá. Ó gba òkè yìí bọ́ sọ́dọ̀ wọn. Tí fèrèsé bá wà ní títì, kò ríbi lọ."

Mo bi í pé, "Tí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí ńkọ́?"

Kò mọ ìdí tí mo fi bi í. Ó dáhùn bí olùkọ́ ni. "Ó máa dín kù púpọ̀. Bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ á lè rí ara gbé jáde."

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo fara ti ògiri títí wọ́n fi pè mí.

Wọ́n ti lẹ bébà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀.

Mo ń rántí. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù yìí, ni Adétúnbọ̀ kó ẹ̀wà tuntun dé. Lọ́jọ́ yẹn náà, ohun kan náà ló sọ fún mi: ẹ má ṣí yàrá karùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí olè ni mo rò pé ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹfà

Adétúnbọ̀ wá bá mi nílé alága. Ó ti rí bébà pupa. A jókòó sábẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

"Sista, gbogbo ọjà ló ń lo oògùn yẹn. Kò sẹ́ni tí kì í lò ó."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ní kí n má ṣílẹ̀kùn?"

Ó ń fi ìka ya ilẹ̀.

"Túnbọ̀. Mo ní kí ló dé?"

"Ẹni tó tà á fún mi ló ní kí èèyàn má wọ ibi tó bá wà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ti fi ẹnu Rẹ́mọ tí à ń sọ nílé bàbá wa rọ́pò èyí tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn wọ inú ibẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó lè gba òkè. Mo fi Bíbélì búra."

"Nígbà tí ọmọ náà kú, kò wá sí ọ lọ́kàn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Irun rẹ̀ ti funfun, mi ò sì tíì fọkàn sí i rí. "Ó wá sí mi lọ́kàn. Dókítà wá ní ikọ́ fée ni, mo ní Ọlọ́run ṣeun."

"O tún padà wá fi òmíràn sí i lọ́jọ́bọ̀."

"Kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà náà, Sista."

Mo wò ó. Kò parọ́. Bọ́rọ̀ náà ṣe rí nínú rẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́.

Ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Wolé-wolé á gba owó ìtanràn, á tán. Ti ọmọ tó kú, ikọ́ fée ni wọ́n kọ. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ṣé tí ẹ bá sọ ọ́, ó máa jí? Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa jù mí sí. Ibo lẹ̀yin fúnra yín máa sùn?"

Mo ní, "Àtinúkẹ́ ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè. "Ta ni Àtinúkẹ́?"

Mo ní kó bá mi lọ sí Líkòsí lọ́jọ́ Àìkú, ká jọ sọ ọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹfà

Ó pè mí nígbà mẹ́fà. Mi ò gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹfà

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Líkòsí. Èmi nìkan.

Lásúnkànmí ń fọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó rí mi, ó sáré gbé àga wá, ó ní kí wọ́n bá mi wá omi tútù. Mo ní kó má ṣe é. Mo ní mi ò ní jókòó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀wà, oògùn, ihò àjà. Mo sọ pé àbúrò mi ló fi síbẹ̀. Mo sọ pé èmi náà jẹ nínú ọbẹ̀ Àtinúkẹ́, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń fọ ọkọ̀ náà lọ ni, ojú kan ṣoṣo ló ń fọ̀, omi ọṣẹ ń ṣàn lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Mo wá sọ èyí tó kù. "Ó wá bá mi láàárọ̀. Ó ní yàrá ń rùn. Èmi ni mo ní kó padà síbẹ̀. Èmi ni mo ní kó ti fèrèsé."

Ó dáwọ́ dúró.

"Ó sọ fún yín pé ó ń rùn?"

"Ó sọ fún mi."

"Ẹ wá ní kó padà."

"Mo ní kó padà."

Mo ti múra sílẹ̀ kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ó jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ náà pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, bí ọmọdé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe tèmi ló sọ.

"Lójú àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ṣe lé e," ó ní. "Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, 'Bàbá Àpínkẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dirun.' Mo ní kó jáde."

Ó ní kí n máa lọ. Kò sìn mí. Mo dé ojú títì, mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún. Kò jọ igbe tí mo tíì gbọ́ rí lẹ́nu ọkùnrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Ìperu. Òjò dá láàárọ̀, oòrùn mú. Ọlọ́kadà mọ ilé náà, kó tó gbé mi débẹ̀ ó ti bi mí pé, "Ṣé ọ̀dọ̀ obìnrin tó pa ọmọ ọkọ rẹ̀ yẹn lẹ ń lọ?" Mo ní kò pa ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ sókè, ó yíjú wò mí.

Àtinúkẹ́ wà nídìí agbada, ó ń yan gààrí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti rù. Ó mọ̀ mí, kò sì kí mi. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó dàgbà jù mí lọ, sáré dìde pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró nínú agbada náà. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Àwọn ará ilé kejì ti yọjú. Mo tún un sọ.

"Ìyá Adérónkẹ́ kò gbọ́," ó ní, ó nawọ́ sí obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà òdìkejì. "Òun ni kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ra gààrí wa mọ́. Ẹ tún un sọ."

Mo rìn lọ síwájú obìnrin náà, mo sì sọ ọ́ ní ìgbà kẹta. Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ikọ́ mú mi láàárín. Obìnrin náà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àtinúkẹ́ wá gbé omi fún mi, mo mu ún. Ó ní Lásúnkànmí ti wá lánàá, ó sùn sẹ́nu ọ̀nà, òun kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun á padà. Tábìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọ́tò Àpínkẹ́ pẹ̀lú aṣọ iléèwé girama wà lórí rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "mi ò lè dárí jì yín lónìí."

Mo ní nítorí ìyẹn kọ́ ni mo ṣe wá.

"Ẹ máa sọ ọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá? Bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí? Ní ojú àbúrò yín?"

Mo ní màá sọ ọ́.

"Tí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ padà wá."

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Deborah ti padà síléèwé. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò tíì lù dáadáa, pé kó má sáré. Ó wá kí mi lánàá, ó sì jókòó jìnnà sí ògiri.

Lónìí ni mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ṣágámù. Asher bá mi lọ, pẹ̀lú ìwé tí àwọn wolé-wolé kọ. Lásúnkànmí ti débẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ti mú Adétúnbọ̀ wá láti àárọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìsí bàtà, ìgbánú rẹ̀ wà lórí tábìlì ọlọ́pàá. Kò wò mí. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́pàá obìnrin kan ló kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ó ní kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́ keje oṣù Kẹfà, mo sọ ti ogúnjọ́ rẹ̀. Mo sọ ohun tó ní kí n má ṣí, àti ohun tó sọ fún mi lábẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé èmi ni mo ní kí ọmọ náà padà sí yàrá. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ sí i, ó ní àyè kan ṣófo níbẹ̀.

"Ẹni tí ẹ ń jẹ́rìí takò yìí, Mọ́mì, kí ló jẹ́ sí yín?"

Mo ní àbúrò mi ni.

"Ọmọ ìyá yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ni ìyá wa dákú tí kò sì jí mọ́. Èmi ni mo gbé e pọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Adétúnbọ̀ gbé ojú sókè nígbà yẹn, ó wò mí. Ọlọ́pàá náà ti dá bírò dúró. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Ó kọ ọ́ tán, mo kà á, mo sì fọwọ́ sí i.